Ọta Wo Ló Yẹ Kó Wà Nínú Ìbọn Tí A Fi Ń Ṣọ́lé?

Àbúrò kan tó ń gbé ní Katy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, pè mí ní ọ̀sán Sátidé kan. Ó ti ra ṣọ́tígọ́ọ̀nù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, lẹ́yìn tí àwọn olè já ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo dúró síwájú ibi tí wọ́n to ọta sí, ojú mi ti ṣú. Òmíràn ní 00, òmíràn ní 8, òmíràn ní 4, òmíràn tún ní 4 ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga fíofío ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èwo ni kí n mú?" Mo bi í pé èwo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ó ní èyí tí wọ́n kọ magnum sí lára ni, ó jọ pé òun ló le jù.

Mo ní kó dá a padà sórí àtẹ, kó sì yà nílé mi kó tó máa lọ. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ yìí. Ọ̀pọ̀ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ti ní ìbọn nílé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì mọ ohun tó wà nínú kátíríìjì, ìyẹn odindi ẹyọ ọta tí ẹ̀tù àti hóró wà nínú rẹ̀, tó ń kì sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wo ògiri ilé yín. Nílé bàbá mi ní Ìgbòho, búlọ́ọ̀kù onínínṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ ní tinú-tòde. Èèyàn lè fi orí sọ ọ́, orí ni yóò fọ́. Àwa táa dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ gbà lọ́kàn wa pé ògiri ni ògiri ń jẹ́. Ní ilé tí mo ń gbé ní Texas, ọmọkùnrin mi ń ta bọ́ọ̀lù nínú pálọ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi gìgísẹ̀ kan ògiri, gìgísẹ̀ sì wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo tan iná fóònù wo inú ihò náà. Bébà ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun funfun bíi ṣọ́ọ̀kì, kò nípọn ju ìdajì ínǹṣì lọ, lẹ́yìn ìyẹn àyè ṣófo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, lẹ́yìn náà irú pákó ṣọ́ọ̀kì kan náà. Lẹ́yìn pákó kejì yẹn ni bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀ obìnrin wà.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti béèrè mọ́ pé ọta wo ló le jù. Ohun tí mò ń béèrè ni ibi tí hóró ọta máa dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká ti ara ìbọn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fín 12 GA tàbí 20 GA sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ínǹṣì, kì í sì í ṣe mìlímítà. Láyé àtijọ́, wọ́n á mú òjé tó wọn páùn kan, wọ́n á pín in sọ́nà 12 ọgbọọgba, wọ́n á sì ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní róbótó. Ìbọn tí ọ̀kan nínú róbótó wọ̀nyẹn bá wọ ẹnu rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gauge 12. Bó bá jẹ́ ọ̀nà 20 ni wọ́n pín in sí, róbótó kọ̀ọ̀kan á kéré sí i, ẹnu ìbọn náà á sì kéré sí i. Ìdí nìyẹn tí 20 fi kéré sí 12. Ẹnu gauge 12 tó mìlímítà 18.5, ti gauge 20 tó 15.6. Èyí tó ń jẹ́ .410 nìkan ló yàtọ̀, ínǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí àwọn kan ti pàdánù ìka wọn síbẹ̀. Kátíríìjì gauge 20 lè bọ́ sínú ọ̀pá gauge 12, á yọ́ lọ síwájú, á sì há síbẹ̀. Ẹni tó tẹ ohun ìyìnbọn tí kò gbọ́ ìró kankan á rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, á tún fi kátíríìjì 12 sí i lẹ́yìn. Bí èyí bá yìn, ó bá ti iwájú pàdé, ọ̀pá ìbọn á bẹ́ níbi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ wà gan-an. Nítorí ewu yìí ni àwọn tó ń ṣe ọta ní Amẹ́ríkà ṣe fi àwọ̀ yẹ́lò fún gauge 20. Bí ìbọn oríṣi méjèèjì bá wà nílé yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọta wọn pàdé nínú àpò kan, kódà fún ọjọ́ kan.

Ẹ wo gígùn kátíríìjì pẹ̀lú. Ínǹṣì 2¾ ló wọ́pọ̀ jù, 3 wà, 3½ náà sì wà. Gígùn tí wọ́n kọ sára páálí ni gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti yìn tí ẹnu rẹ̀ ti là. Kó tó yìn, ẹnu rẹ̀ ká wọnú, nítorí náà oní-3 lè wọ ìbọn tí wọ́n ṣe fún 2¾ wẹ́rẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ pé nǹkan ṣe. Ìgbà tí ẹ̀tù bá gbiná ni ẹnu rẹ̀ ò ní rí àyè là sí, agbára á wá há sínú. Ohun tí wọ́n fín sára ọ̀pá ìbọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Fún ìṣọ́lé, 2¾ tó, ó sì kù. Magnum tí àbúrò mi dì mú yẹn, ìyẹn ọta tí wọ́n fi agbára kún, èjìká ìyàwó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Olùkọ́ tó kọ́ wa ní pápá ìyìnbọn ní kátíríìjì mẹ́ta tó ti là sí méjì, tó sì ti kó ẹ̀tù kúrò nínú wọn. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó ní ká tẹ̀ba wò wọ́n. Àkọ́kọ́ kún fún hóró wínníwínní tó lé ní 400, bíi yànmọ̀tí. Birdshot ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ọta tí wọ́n fi ń pa ẹyẹ, èmi á máa pè é ní ọta ẹyẹ. Nínú ìkejì, hóró mẹ́sàn-án péré ni, ó to ara rẹ̀ ní mẹ́ta lórí mẹ́ta lórí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó ẹyọ ẹ̀wà. Buckshot nìyẹn, ọta àgbọ̀nrín. Nínú ìkẹta, odindi òjé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó tó orí àtàǹpàkò mi, ó sì wọn nǹkan bíi gíráàmù 28. Slug ni wọ́n ń pe ìyẹn, ẹ jẹ́ ká pè é ní ọta ẹlẹ́yọ kan. Mo fi ìka kan àwọn mẹ́sàn-án yẹn níkọ̀ọ̀kan. Bàbá mi, tó jẹ́ ọdẹ, máa ń fi ọ̀pá ki ẹ̀tù àti wóró irin láti ẹnu ṣakabùlà rẹ̀ ni, ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ ló ń kì. Níbí, wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ó kù kí ìwọ náà lè sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Nọ́mbà ara páálí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Lára ọta ẹyẹ, bí nọ́mbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni hóró ń kéré sí i. Ẹ lè fi nọ́mbà náà dín 17 kù, èsì rẹ̀ ni bí hóró ṣe tóbi tó nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ínǹṣì. Nọ́mbà 8 á fún yín ní 9, ìyẹn ínǹṣì 0.09. Nọ́mbà 4 á fún yín ní 13, ìyẹn 0.13. Ọta àgbọ̀nrín náà ní nọ́mbà 4 tirẹ̀, hóró ìyẹn sì tó ínǹṣì 0.24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. 4 kan náà, ọta méjì tí kò jọra rárá. Èyí tí àbúrò mi rí tí owó rẹ̀ ga nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé nọ́mbà ni kí ẹ kà, bóyá Buck wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Tó bá wá di òdo, bí òdo bá ṣe ń pọ̀ sí i ni hóró ń tóbi sí i: 00 jẹ́ ínǹṣì 0.33, 000 jẹ́ 0.36.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tó yẹ kí ọta wọlé dé. Ní Miami, ní April 11, 1986, àwọn òṣìṣẹ́ FBI, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kojú àwọn adigunjalè méjì tó ń ja báǹkì lólè. Ọ̀kan nínú àwọn adigunjalè náà fara gbọta ní kùtùkùtù ìjà. Ọta náà gba apá rẹ̀ wọ inú àyà, ṣùgbọ́n ó dúró kó tó dé ọkàn. Ọkùnrin náà ń jà lọ, òṣìṣẹ́ FBI méjì sì kú lọ́jọ́ náà. Ìbọn ìléwọ́ ni ọta yẹn ti wá, àmọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo ìbọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni FBI gbé ìlànà kalẹ̀ pé ọta tó bá yẹ gbọ́dọ̀ wọ inú jẹ́lì tí wọ́n fi ń ṣe àfarawé ẹran ara ní ó kéré tán ínǹṣì 12, kó má sì kọjá 18. Kò ní kúrú kó tó dé ibi tó ń lọ, kò sì ní ti ara ẹni kan jáde lọ bá ẹlòmíràn.

Bí wọ́n bá gbé ọta ẹyẹ nọ́mbà 8 sórí òṣùwọ̀n yìí, ínǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà ń dé. Hóró rẹ̀ fúyẹ́ jù, ẹran ara tètè ń dá a dúró. Ẹni tó wọ aṣọ òtútù tó nípọn, tó sì yí ẹ̀gbẹ́ síni, lè gbà á kó sì máa bọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ èyí kó wá sọ pé ọta ẹyẹ kò lè pani. Nínú yàrá kan, ó lè ṣe ọgbẹ́ tí dókítà ò ní lè rán, ó sì ti pa èèyàn. Ohun tí kò ní ni ìdánilójú pé ó máa dá ẹni tó gbé ọ̀bẹ bọ̀ dúró. Ohun tí wọ́n máa fi tù yín nínú ní ilé ìtajà ni pé kò lè la ògiri. Ní ìwọ̀n àyè tó wà nínú yàrá, ó lè la pákó ṣọ́ọ̀kì yẹn.

Ọta ẹlẹ́yọ kan ni òdìkejì rẹ̀. Ó ń wọlé jinlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ògiri tó bá sì pàdé kò jẹ́ nǹkankan lójú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé nínú oko tó jìnnà, tí béárì tàbí ìmàdò ń yọ lẹ́nu, lè ní ìlò fún un. Nínú ilé alápátimẹ́ǹtì, mo bẹ̀ yín, ẹ má kì í.

Ọta àgbọ̀nrín ló kù. Nínú gauge 12, 00 onínínṣì 2¾ tó ní hóró mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló dé ìwọ̀n FBI, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń lò. Nọ́mbà 1 Buck náà dára. Hóró rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 0.30, mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sì sábà ń kó sínú kátíríìjì kan. Ẹni tó ní gauge 20 á rí nọ́mbà 3 Buck, hóró 20, ínǹṣì 0.25. Gbogbo wọn ló ń la ògiri inú ilé kọjá tí agbára á sì kù lára wọn. Ọta tó lè dá olè dúró, tó tún máa bọ̀wọ̀ fún pákó ṣọ́ọ̀kì, kò tíì sí lọ́jà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ògiri di ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ dúró sí àti ibi tí ẹ kọjú ìbọn sí. Ìyẹn ò sì ṣeé rà.

Wọ́n á sọ fún yín pé ṣọ́tígọ́ọ̀nù kò nílò kí èèyàn fojú sun ibi tó fẹ́ yìn ín sí, pé ọta rẹ̀ á fọ́n ká, á bo gbogbo yàrá. Láti ẹnu ìbọn tí kò ní ìfúnpọ̀ (choke, ohun tó ń mú ẹnu ìbọn há), ọ̀pọ̀ ọta ń fọ́n ní nǹkan bí ínǹṣì kan fún yáàdì kan. Láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá dé orí àtẹ̀gùn nílé àbúrò mi, yáàdì méje ni. Ẹ lè rò ó pé ihò mẹ́sàn-án á pé jọ sínú àwo tíì kan. Ó ṣeé ṣe láti tàsé pátápátá. Bí ìbọn kọ̀ọ̀kan ṣe ń fọ́n ọta kọ̀ọ̀kan tún yàtọ̀. Ike tó gbá àwọn hóró mọ́ra nínú kátíríìjì ló ń fà á, àwọn kan ń yára là, àwọn kan sì ń di hóró wọn mú pẹ́. Oníhóró mẹ́jọ tí ike rẹ̀ ń di hóró mú ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò sábà sí hóró kan tó yà kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, hóró tó sì ṣáko ni mo bẹ̀rù jù. Ẹ má gbà á lẹ́nu mi. Ẹ ra oríṣi méjì, ẹ gbé bébà ńlá lọ sí pápá, ẹ wọn ìwọ̀n ibi tó jìnnà jù nínú ilé yín, kí ẹ yìn ín wò.

Ẹ wá ọ̀rọ̀ reduced recoil tàbí low recoil lára páálí, ìyẹn ọta tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ti èjìká sẹ́yìn. Ọta tó kún ń sáré nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,325 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù ń sáré nǹkan bí 1,145. Ní yáàdì méje, ẹni tí wọ́n yìn ín sí ò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n èjìká tó di ìbọn mú á mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń bẹ̀rù ìbọn rẹ̀ kò ní lè fi kọ́ra, ohun tí a ò sì fi kọ́ra á wúwo lọ́wọ́ lóru. Bó bá jẹ́ ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ ni, ẹ rí i dájú pé ọta tí agbára rẹ̀ dín yìí lè yí i. Àwọn kan máa ń há.

Ọta onírọ́bà àti àpò wóró tí wọ́n ń tà pé kì í pani, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Wọ́n lè pani bó bá bá ibi tí kò yẹ, ilé ẹjọ́ sì lè kà á sí agbára tó lè pani, torí láti ẹnu ìbọn ló ti jáde. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ibi tí a ń yìnbọn sí, kò tíì dé ibi tí a ń yin rọ́bà lu náà.

Ọ̀rọ̀ òfin kàn wá lọ́nà kan tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kò ní rántí sọ fún wa. Ní òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà tí kì í ṣe ti gbígbé ibẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́, ti àbẹ̀wò tàbí H-1B tó jẹ́ ti iṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn, kò gbọ́dọ̀ ní ọta, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ ìpínlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọta nìkan tó. Páálí kan tó wà nínú àpótí ọkọ̀ lè ba ìwé ẹni jẹ́. Ẹni tó ní green card lè ní in, bí kò bá sí ẹ̀sùn mìíràn lọ́rùn rẹ̀. Ní Illinois, ẹ gbọ́dọ̀ ní FOID, káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ní ìbọn, kí wọ́n tó ta ọta fún yín. Ní Texas, ẹni tó bá fi ìbọn tó ti kì síbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 lè gbé e, tí ọmọ náà sì gbé e, ti rú òfin. Àwọn tó wà ní London, ìṣọ́lé kì í ṣe ìdí tí ọlọ́pàá máa gbà láti fún yín níwèé àṣẹ. Nílé ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 ló wà lórí rẹ̀, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ni, ìbọn tí wọ́n ń fà kó tó tún kì ara rẹ̀ kò sì sí lára èyí tí aráàlú lè gba ìwé fún.

Ẹ má ṣe fi ọta sínú ọkọ̀ nígbà ooru Texas, ẹ má sì jẹ́ kí òróró tí ẹ fi ń nu ìbọn kán sí ìdí kátíríìjì níbi tí òòlù ti ń gbá a, nítorí ó lè pa iná ibẹ̀. Kátíríìjì tí ẹ ti ń kì tí ẹ tún ń yọ lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ á máa bàjẹ́. Ẹ yìn ín ní pápá, kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ó ku iná. Bàbá mi máa ń de fìtílà káábáàdì mọ́rí lọ sóko òru. Ó lè rí ojú ẹran méjì tó ń tàn nínú igbó, kó ṣì dúró títí ara ẹran náà á fi hàn. Ó ní ọdẹ tó yìnbọn sí igbó tó mì nìkan lè yìn ín sí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nílé tiwa, ẹni tó ń rìn nínú pálọ̀ láago méjì òru lè jẹ́ ọmọ tó ti yunifásítì dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ná owó sí nǹkan kan lẹ́yìn ọta, tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa ni.

Àbúrò mi ra 00 oníhóró mẹ́jọ, reduced recoil, àti páálí oníhóró mẹ́sàn-án kan. A jọ lọ sí pápá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ní yáàdì méje, oníhóró mẹ́sàn-án náà kún àwo tíì, ọ̀kan sì yà sẹ́yìn àwo. Ti oníhóró mẹ́jọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo ihò rẹ̀. Nígbà tó délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ibi tó máa kọjú sí bí èèyàn bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ògiri yàrá ọmọbìnrin rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kàn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá ní òru yẹn, wọ́n sì gbé àpótí ìwé ńlá tó kún fọ́fọ́ sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀.